Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wọ Inú BIOS: Láti Altair dé Ṣábẹ̀ẹ́

Kí Windows tó yọjú lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 2000, ìlà kan máa ń kọ́kọ́ hàn nísàlẹ̀ skíríìnì fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan: "Press DEL to enter SETUP". Ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí ìwé ìjọba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Savè, lójú ọ̀nà Kútọnu sí Paraku, ìlà yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn kàn ń kà kó sì ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Faransé sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níwèé níbẹ̀. Ẹni tó bá tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà kò ní rí bọ́tìnnì tó ń jẹ́ DEL lórí kíbọọ̀dù tó ti ilẹ̀ Faransé wá. Suppr ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Esc ń jẹ́ Échap, Enter ń jẹ́ Entrée. Kó tó mọ̀ pé Suppr ni DEL, ìlà náà á ti lọ, àmì Windows á ti gba skíríìnì, àfi kó pa ẹ̀rọ kó tún un tàn.

Ibi tí ìlà náà ń júwe ni ojú ewé ètò BIOS. BIOS ni sọ́fítíwíà kékeré tó ń gbé inú ṣíìpù kan lórí màdábọọ̀dù, tó máa ń jí ṣáájú gbogbo sọ́fítíwíà yòókù. Òun ló ń yẹ mẹ́mọ́rì wò, tó ń wá kíbọọ̀dù àti dísìkì, tó sì ń pinnu ibi tí Windows tàbí Linux yóò ti wá. Nínú ojú ewé ètò rẹ̀ la ti ń sọ fún un pé kó wo fláàṣì kó tó wo dísìkì, ibẹ̀ la ti ń tún aago ṣe, ibẹ̀ náà la ti ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà dí ẹ̀rọ. Ẹni tó fẹ́ fi Windows tuntun sórí kọ̀ǹpútà àlòkù kò lè ṣe kó má dé ibẹ̀. Láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ọ̀nà tí à ń gbà wọlé ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, ìyípadà kọ̀ọ̀kan ló sì ń fi ẹni tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé hàn. Ẹni tó ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ kejì tàbí lọ́wọ́ kẹta kì í sábà sí nínú èrò wọn.

Níbẹ̀rẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn nítorí pé kò sí ògiri. Altair 8800, tí iléeṣẹ́ MITS ṣe nílùú Albuquerque ní Amẹ́ríkà, tí àwòrán rẹ̀ wà níwájú ìwé ìròyìn Popular Electronics ti oṣù Kìíní ọdún 1975, kò bá kíbọọ̀dù wá, kò bá skíríìnì wá, kò sì ní ṣíìpù kankan tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe bó bá jí. Ṣíwíìṣì ló tò síwájú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn iná pupa kéékèèké. Ẹni tó bá tan án ní láti máa fi ìka gbé ṣíwíìṣì sókè sódò, kó fi kọ àwọn àṣẹ àkọ́kọ́ sínú mẹ́mọ́rì ní báìtì kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀rọ á fi mọ bí yóò ṣe ka ìyókù láti inú téèpù bébà. Bí iná bá lọ, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Olówó ẹ̀rọ àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹnì kan náà ni wọ́n láyé ìgbà yẹn.

Orúkọ náà, BIOS, ti ọwọ́ Gary Kildall wá, ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ CP/M, sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà, láàárín àwọn ọdún 1970. Ẹ̀rọ oríṣiríṣi ló wà, olúkúlùkù sì ní bó ṣe ń bá dísìkì àti kíbọọ̀dù sọ̀rọ̀. Kildall ya apá tó mọ ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára CP/M yòókù, ó pè é ní BIOS, kí ẹni tó bá fẹ́ lo CP/M lórí ẹ̀rọ tuntun lè tún apá kékeré yẹn nìkan kọ. Inú dísìkì ni BIOS tirẹ̀ sábà máa ń gbé. IBM ló wá sọ ọ́ di ará ilé.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1981 ni IBM gbé PC rẹ̀ jáde, èyí tó ń jẹ́ 5150. Kìlóbáìtì 8 péré ni BIOS rẹ̀, inú ṣíìpù ROM tí kò ṣeé pa rẹ́ ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí. Kò ní ojú ewé ètò. Ẹni tó bá fi mẹ́mọ́rì kún un, tàbí tó pààrọ̀ irú skíríìnì tó ń lò, ní láti yọ ọ́ lára iná, kó ṣí páànù tó bò ó, kó wá ìdì ṣíwíìṣì méjì tó wà lórí màdábọọ̀dù, mẹ́jọmẹ́jọ nínú ìdì kan, kó wá fi ẹnu bíró tì wọ́n síbi tí ìwé ìlànà wí. Bó bá ṣì wọ́n tì, ẹ̀rọ á ka mẹ́mọ́rì tó kéré sí èyí tó ní, tàbí kí skíríìnì dúdú kanlẹ̀.

Ohun kan tí IBM ṣe nígbà náà ló yà mí lẹ́nu títí di òní. Wọ́n tẹ gbogbo àṣẹ inú BIOS náà sínú ìwé ìlànà tí wọ́n ń tà fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn. Gbogbo ayé lè kà á, ṣùgbọ́n òfin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á kọ. Compaq, tó kéde kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1982, wá ọgbọ́n tí òfin kò lè mú: àwọn òṣìṣẹ́ kan ka BIOS IBM, wọ́n ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣe, àwọn mìíràn tí kò fojú kàn án rí sì fi àkọsílẹ̀ yẹn kọ tuntun. Phoenix Technologies gba ọ̀nà kan náà ní 1984, àmọ́ Phoenix kò fi tirẹ̀ pamọ́ sílé. Ẹni tó bá ti lówó lọ́wọ́ ni wọ́n ń tà á fún. Àwọn iléeṣẹ́ Táíwánì àti Amẹ́ríkà ń fi í ṣe ẹ̀rọ aláfarawé olówó pọ́ọ́kú, ẹ̀rọ aláfarawé yìí ló sì sọ kọ̀ǹpútà di ohun tí ọ́fíìsì kékeré lè rà. Lójú tèmi, ìtàn kọ̀ǹpútà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tọ́ sí kí a máa kà á láti ọdún 1984 yìí ju 1981 lọ.

Ọdún 1984 yẹn kan náà ni IBM gbé PC/AT jáde, ní oṣù Kẹjọ. Wọ́n fi ṣíìpù aago kan sí i, MC146818 tí Motorola ṣe, pẹ̀lú bátìrì tí kì í jẹ́ kó sùn. Báìtì 64 ni mẹ́mọ́rì ṣíìpù náà. Aago gba 14 nínú rẹ̀, IBM sì lo ààyè 50 tó kù láti fi tọ́jú ohun tí ṣíwíìṣì ń ṣe tẹ́lẹ̀: irú dísìkì, iye mẹ́mọ́rì, irú skíríìnì. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣẹ́ ti ń pe ibẹ̀ ní CMOS, tí wọ́n ń pe bátìrì ní bátìrì CMOS. Ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà tí à ń lò láti yí ètò náà padà kò sí nínú ẹ̀rọ. Inú dískẹ́ẹ̀tì kan tó bá a wá láti iléeṣẹ́ ló wà. IBM tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún PS/2 ní 1987. Dískẹ́ẹ̀tì a máa sọnù, a máa hu, eku a sì máa jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ tó bá sì ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á kì í sábà bá dískẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rìn. Nígbà tí bátìrì bá kú, olówó tuntun á ní ẹ̀rọ tí kò mọ̀ pé òun ní dísìkì, kò sì ní ní ohun tí yóò fi sọ fún un.

Àwọn tó ń ta BIOS fún ẹ̀rọ aláfarawé ló yanjú èyí. Wọ́n gbé ojú ewé ètò wọ inú ṣíìpù fúnra rẹ̀. Mẹ́ta ni orúkọ wọn gbilẹ̀: Phoenix, Award Software, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, àti American Megatrends, tí gbogbo oníṣẹ́ ń pè ní AMI, tí Subramonian Shankar àti Pat Sarma dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia ní 1985. Kò sí ìpàdé kankan tí wọ́n ti fẹnu kò lórí bọ́tìnnì tí ènìyàn yóò tẹ̀. AMI mú DEL. Award ní kí a tẹ Ctrl, Alt àti Esc pọ̀, kí òun náà tó wá gba DEL. Phoenix fìdí kalẹ̀ sórí F2, Dell àti Acer náà ń lo F2. F1 ni IBM fún láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ThinkPad. Toshiba ní kí a tẹ Esc ná, ká tún wá tẹ F1. Compaq mú F10, nígbà tí HP sì ra Compaq ní 2002, F10 bá wọn wọlé, kò sì jáde mọ́. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, Lenovo fi ihò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn láptọ́ọ̀pù IdeaPad kan tí a ní láti fi ẹnu abẹ́rẹ́ tẹ̀. Ẹni tó ń tún oríṣi ẹ̀rọ gbogbo ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ ní gbogbo èyí lórí.

Láàárín àwọn ọdún 1990, nǹkan tí à ń wá lọ sínú ojú ewé náà jù lọ ni dísìkì. BIOS ní tábìlì irú dísìkì tó mọ̀, nọ́ńbà nọ́ńbà. AMI fi nọ́ńbà 47 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ti ara rẹ̀. Iye sílíńdà, orí àti sẹ́kítọ̀ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ dísìkì, ibẹ̀ la ti ń dà wọ́n kọ. Bí bébà bá ti ya, ó di àfi-orí-rò. Ìgbà tó yá, BIOS kọ́ bó ṣe lè bi dísìkì léèrè fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ ó ní ibi tí kíkà rẹ̀ ń parí sí: mẹ́gábáìtì 528 fún àwọn ti ìgbà kan, gígábáìtì 8.4 fún àwọn tó tẹ̀ lé e, 137 lẹ́yìn náà. Ẹni tó ra dísìkì ńlá fún ẹ̀rọ àgbà á rí i pé apá kan rẹ̀ ni ẹ̀rọ gbà pé ó wà.

Ọ̀rọ̀ kíbọọ̀dù ló wá kan Ṣábẹ̀ẹ́ gbọ̀ngbọ̀n. Kíbọọ̀dù kì í sọ lẹ́tà tí a tẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ipò bọ́tìnnì ló ń sọ. Windows ló ń wò ó pé kíbọọ̀dù Faransé nìyí, kó tó sọ pé bọ́tìnnì àkọ́kọ́ ní ìlà òkè jẹ́ A. BIOS àtijọ́ kò mọ irú ọgbọ́n yẹn. Lójú rẹ̀, gbogbo kíbọọ̀dù ayé ni kíbọọ̀dù Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú QWERTY. Ẹni tó bá fi AZERTY, kíbọọ̀dù Faransé, kọ "amala" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ aṣínà, ohun tí BIOS gbọ́ ni "q;qlq". Àwọn BIOS kan kì í tilẹ̀ gba àmì bíi ";" yẹn rárá. Bákan náà ni nọ́ńbà: nínú Windows, ẹni tó ń lo AZERTY gbọ́dọ̀ di Shift mú kó tó lè kọ 1, nínú BIOS kò gbọdọ̀ dì í mú.

Tí kíbọọ̀dù kò bá yí padà, kò sí wàhálà; àṣìṣe tí wọ́n fi tì í náà ni wọn yóò fi ṣí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ bá Nàìjíríà pààlà ní ìlà-oòrùn, lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kíbọọ̀dù tó gba èbúté Kútọnu wọlé láti ilẹ̀ Faransé tàbí Bẹ́ljíọ̀mù, AZERTY ni. Èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ Nàìjíríà wá, QWERTY ni. Bí AZERTY bá bàjẹ́ lára ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà dí, tí wọ́n sì fi QWERTY rọ́pò rẹ̀, olówó ẹ̀rọ á kọ ọ̀rọ̀ tó mọ̀ dájú, ẹ̀rọ á sì kọ̀ fún un. Oníṣẹ́ tó bá mọ ìdí rẹ̀ á kàn sọ pé kó fi Q rọ́pò A, kó fi W rọ́pò Z. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa tú ẹ̀rọ.

Ojú ewé ètò fúnra rẹ̀, lẹ́tà tó lè kọ kéré. Àkójọ lẹ́tà tí IBM fi sínú PC ní 1981, tó ń jẹ́ 437, kò ju 256 lọ. Á, é, í, ó, ú kéékèèké wà níbẹ̀, à, è, ì, ò, ù náà wà, nítorí àwọn ará Yúróòpù. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Ìkọ Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀, tó ń lo ɛ àti ɔ dípò ẹ àti ọ, rí ìdajì oríire: lẹ́tà Gíríìkì kan tó jọ ɛ wà nínú àkójọ náà, èyí tó jọ ɔ kò sí. UEFI tó gba ipò BIOS lè kọ gbogbo wọn, nítorí pé Unicode ló ń lò. Èmi kò tíì rí ojú ewé ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ. Ti Faransé wà lórí àwọn HP tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì, ìyẹn sì ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ní Bẹ̀nẹ̀.

Ìṣòro iná tún ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bátìrì pẹlẹbẹ tó ń jẹ́ CR2032, fóòtì 3, ló ń tọ́jú aago lórí ọ̀pọ̀ màdábọọ̀dù. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ orí tábìlì bá wà lára iná, kódà bí a kò tàn án, iná yẹn ni aago ń jẹ, bátìrì ń sinmi. Níbi tí iná ti ń lọ lemọ́lemọ́, tàbí tí àwọn ènìyàn ti ń yọ ẹ̀rọ lára iná lálaalẹ́ nítorí ẹ̀rù iná tó ń ga tó ń wálẹ̀, bátìrì ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bẹ̀nẹ̀ mọ irú ìgbà bẹ́ẹ̀ dáadáa. Òun àti Togo ló jọ dá iléeṣẹ́ iná CEB sílẹ̀ ní 1968, ọ̀pọ̀ iná tí wọ́n ń pín láàárín àwọn ọdún 1990 sì ti ìsédò Akosombo ní Gánà wá. Nígbà tí omi adágún ìsédò náà fà ní 1998, òkùnkùn kan gbogbo wọn.

Bí bátìrì náà bá kú, ìlà mìíràn ni yóò hàn: "CMOS checksum error". Ẹ̀rọ á ní kí a tẹ F1 kó lè máa lọ, tàbí DEL kí a wọlé tún ètò ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á tẹ F1, wọn á sì máa tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ fún ọdún gbáko. Ọjọ́ inú ẹ̀rọ á ti padà sí 1980, tàbí sí ọdún tí wọ́n kọ BIOS náà. Ojú ìwé ìkànnì tó bá ní ìwé ẹ̀rí ààbò á kọ̀ láti ṣí, nítorí pé lójú ẹ̀rọ náà, ìwé ẹ̀rí ọ̀hún kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Olówó ẹ̀rọ á ní íntánẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́, á máa bá ẹni tó ń ta dátà jà, bátìrì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ló sì fa gbogbo rẹ̀. Nínú ojú ewé yẹn kan náà, ètò kan wà tí àwọn ará Yúróòpù kì í sábà fọwọ́ kàn: ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe bí iná bá lọ tó sì padà dé. Ó lè dúró ní pípa, ó lè tan ara rẹ̀, ó sì lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Fún ẹni tó fi kọ̀ǹpútà kan ṣe olórí fún mẹ́wàá yòókù nínú ilé íntánẹ́ẹ̀tì, ìlà kan ṣoṣo yìí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Oṣù Kejìlá ọdún 1995 ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ṣe àpérò wọn ní Kútọnu, ìmúrasílẹ̀ fún un ló sì mú íntánẹ́ẹ̀tì wọ Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún náà. Wáyà abẹ́ òkun SAT-3 dé ní 2002. Kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ń lò láti fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì, àlòkù ló pọ̀ jù nínú wọn, ohun tí wọ́n ń pè ní tòkunbọ̀ ní Nàìjíríà. Àjọ Basel Action Network gbé ìwádìí kan jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005 nípa Èkó: wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ pé kọ̀ńténà 500 ń wọlé lóṣù, pẹ̀lú nǹkan bí ẹ̀rọ 800 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì sọ pé bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣeé tún ṣe. Nígbà tí ọ́fíìsì Àdéhùn Basel, àdéhùn àgbáyé lórí pàǹtí eléwu, ṣe ìwádìí tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ àlòkù, èyí tó parí ní 2011, Bẹ̀nẹ̀ wà lára orílẹ̀-èdè márùn-ún tí wọ́n yẹ̀ wò, pẹ̀lú Nàìjíríà, Gánà, Côte d'Ivoire àti Làìbéríà. Ní Kútọnu, àwọn ọ̀dọ́ inú BloLab, ilé ìdánráwò àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ, wá ọgbọ́n dá sí i: wọ́n ń tú ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àgbà, wọ́n ń tò wọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì ike, wọ́n ń pe èyí tó bá jáde ní Jerry, wọ́n sì ń fi Linux sí i.

Ẹ̀rọ tó ti ọ́fíìsì Yúróòpù wá sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ aṣínà nínú BIOS, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó tà á kò sì mọ̀. Ti àtijọ́ kò le. Inú báìtì mélòó kan tí bátìrì ń tọ́jú ni ọ̀rọ̀ náà wà, bí a bá yọ bátìrì fún ìgbà díẹ̀ ó ti lọ. Àwọn tó kọ BIOS tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ àṣírí tiwọn sínú rẹ̀. "AWARD_SW" ṣí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Award, kò sì pẹ́ tí gbogbo ọjà fi mọ̀ ọ́n. Láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Inú ṣíìpù tí kò nílò bátìrì ni wọ́n ń pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ sí. Lórí ThinkPad, ìdáhùn tí iléeṣẹ́ tó ń ṣe é kọ sínú ìwé ìlànà fún ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó ni pé kó pààrọ̀ màdábọọ̀dù. Ààbò dára fún ẹni tí olè jí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ní Paris. Ẹni tó rà á ní tirẹ̀ pẹ̀lú owó tó mọ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ ń jẹ nínú ìyà náà, ẹ̀rọ kò sì lè mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn.

ROM tí kò ṣeé pa rẹ́ ti di ohun àtijọ́ kí àwọn ọdún 1990 tó parí; ṣíìpù tí a lè tún kọ látinú Windows ló rọ́pò rẹ̀. Àǹfààní ni, ewu sì ni. Ní 1998, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Táíwánì, Chen Ing-hau, kọ fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní CIH. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1999, ó jí nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ káàkiri ayé, ó pa ohun tó wà nínú dísìkì rẹ́, ó sì kọ pàǹtí lé BIOS lórí níbi tí ṣíìpù bá ti gbà á láyè. Ẹ̀rọ tí BIOS rẹ̀ ti bàjẹ́ kò lè tàn débi tí ènìyàn á fi tún un ṣe; ṣíìpù gan-an ni wọ́n ń yọ. Ní nǹkan bí ìgbà náà ni àwọn iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán àmì wọn bo skíríìnì nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí, ìlà tó ń júwe bọ́tìnnì sì ń sọnù sẹ́yìn àwòrán. Àwòrán yẹn náà di ọ̀nà tí olè lè gbà: ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, iléeṣẹ́ Binarly fi hàn pé àwòrán tí wọ́n bá dá ọgbọ́n sí lè mú kí sọ́fítíwíà AMI, Insyde àti Phoenix gba àṣẹ àjèjì. LogoFAIL ni wọ́n pè é.

Intel ló bẹ̀rẹ̀ ohun tó fòpin sí BIOS. Ẹ̀rọ ńlá Itanium tí òun àti HP ń ṣe kò lè gbé pẹ̀lú BIOS tó ṣì ń ronú bí ẹ̀rọ 1981, tí mẹ́mọ́rì tó lè rí kò ju mẹ́gábáìtì 1 lọ. EFI ni wọ́n pe àrọ́pò náà. Ní 2005, àwọn iléeṣẹ́ pa pọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó o, ó di UEFI. Apple fi EFI sínú Mac oní-Intel láti oṣù Kìíní ọdún 2006. Máòsì ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ojú ewé UEFI, àwòrán wà, dísìkì tó ju téràbáìtì 2 lọ kò ṣòro fún un mọ́. Àwọn oníṣẹ́ ṣì ń pè é ní BIOS.

Windows 8, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ló yí ọ̀nà àbáwọlé padà pátápátá. Ẹ̀rọ tó ní UEFI àti dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú ń yára jí débi pé, bí Microsoft fúnra rẹ̀ ṣe ṣàlàyé lọ́dún náà, àkókò tó kù fún ènìyàn láti tẹ F2 kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí ìka tó yá tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá gbé ọ̀nà náà wọ inú Windows: kí a di Shift mú, kí a tẹ Restart, kí a gba Troubleshoot dé ibi tí wọ́n kọ UEFI Firmware Settings sí. Ẹni tó fẹ́ràn àṣẹ kíkọ lè lo shutdown /r /fw. Lórí ọ̀pọ̀ Linux, systemctl reboot --firmware-setup ni. Ó rọrùn fún ẹni tí Windows rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ ti bàjẹ́, tó sì jẹ́ pé nítorí ìyẹn gan-an ló ṣe fẹ́ wọlé, á padà sídìí títẹ F2 léraléra bó bá ti fọwọ́ kan bọ́tìnnì iná. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ìyẹn ṣì ń ṣiṣẹ́.

Windows 8 yìí náà ló mú Secure Boot gbilẹ̀, ètò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ jí pẹ̀lú sọ́fítíwíà tí kò ní ìfọwọ́sí tó mọ̀. Microsoft pàṣẹ pé ẹ̀rọ tó bá fẹ́ gba àmì Windows 8 gbọ́dọ̀ ní in ní títàn, ṣùgbọ́n kí olówó ẹ̀rọ lè pa á nínú ojú ewé ètò. Nígbà tí Windows 10 dé ní 2015, apá kejì àṣẹ yẹn di ohun tí iléeṣẹ́ lè ṣe tàbí kó má ṣe. Ẹni tó fi Linux sórí ẹ̀rọ àgbà nítorí pé Windows ti wúwo jù fún un ló mọ bí gbólóhùn kékeré yẹn ṣe tóbi tó.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft jáwọ́ nínú àtìlẹ́yìn déédéé fún Windows 10. Windows 11 ń béèrè UEFI, Secure Boot àti ṣíìpù ààbò TPM 2.0. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn ọ́fíìsì Yúróòpù ń sọ nù báyìí ní TPM náà, àmọ́ pípa ni wọ́n pa á, inú ojú ewé ètò nìkan la sì ti lè tàn án, lábẹ́ orúkọ PTT lórí ẹ̀rọ Intel tàbí fTPM lórí ti AMD. Ìwé ẹ̀rí Secure Boot tí Microsoft fọwọ́ sí ní 2011, tó wà nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí, ń bẹ̀rẹ̀ sí í parí láti oṣù Kẹfà ọdún 2026, tuntun sì ní láti wọ inú ṣíìpù. Ẹ̀rọ tó bá ń gba Windows Update déédéé lè rí i gbà fúnra rẹ̀. Èyí tó ti jókòó sínú kọ̀ńténà láti oṣù mélòó kan, tó gba Kútọnu kọjá, tí kò sì tíì fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì, oníṣẹ́ ni yóò gbé e wọlé fún un, bó bá mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.